Omi Gbígbóná fún Ọmọ Màlúù

Ìgbà Sáàpù ni, nígbà tí náírà já wálẹ̀, oògùn sì ti di àwátì. Dókítà ẹran ni mí, iṣẹ́ tí ìjọba sì gbé fún mi ni kí n máa wo ẹran tí wọ́n pa, bóyá ó dára fún jíjẹ. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń wo òkú màlúù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà nínú yàrá tí mo háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n wá pè mí pé kí n sáré wá sí Bárúwà: màlúù tí màmá àgbàlagbà kan ń sìn ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá ní ìwọ́ ọmọ náà. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Mo tún bàtà wọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ àdúgbò náà ni màmá yìí. Òun ló ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun agboolé wọn; ìdajì àwọn tó ń pè é ní ìyá, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwọ́ wọn ti jábọ́. Màlúù kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kú ló ń sìn. Màlúù náà ti bí òkú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta yìí nìkan ló bí láàyè.

Mo bá màmá nílẹ̀, ọmọ màlúù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti fi kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́. Ó ń ti aṣọ bọ omi gbígbóná, ó sì ń fi í tẹ ìwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe fún ọmọ ènìyàn.

"Ẹ̀jẹ̀ yìí á dá, á tún ya," ó ní. "Mi ò ṣá dáwọ́ dúró, dókítà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé omi yẹn kúrò."

Mo fi okùn so ìwọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ṣùgbọ́n erìgì ọmọ náà ti funfun bí ẹ̀kọ, àyà rẹ̀ sì ń sáré lábẹ́ ọwọ́ mi.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ, ara kì í káwọ́ gbera. Ó máa ń da họ́mónù, èròjà tí òun fúnra rẹ̀ ń pèsè, sínú ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó kù, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ etí, ẹsẹ̀ àti awọ lè fún pọ̀, kí ọkàn àti ọpọlọ lè rí ẹ̀jẹ̀ lò. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí pàápàá ń gbìyànjú rẹ̀. Gbogbo iṣan tí ara ọmọ yìí ń tì pa ni omi gbígbóná ń ṣí.

Mi ò ní omi dírípù tí mo lè fà sí i lára, mi ò sì ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ màlúù tó bí i dì kí n tó fà á fún un. Mo kàn jókòó tì í.

Nígbà tó yá, àyà tó ń sáré bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Màmá náà gbọ́wọ́ lé e, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó ti ń fara balẹ̀, àbí? Ẹ ṣé o, dókítà."

Inú bí mi, kì í ṣe sí òun, sí ìjọba tó rán mi níṣẹ́ lọ́wọ́ òfo ni. Ọkàn tó lọ́ra nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mi ò lè sọ fún un. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ màlúù náà dákẹ́.

"Ṣé omi yẹn ni?" màmá bi mí.

"Rárá o, màmá. Ẹ̀jẹ̀ tó lọ ló ti pọ̀ jù."

Ó tẹjú mọ́ mi títí mo fi wolẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé ìkókó rẹ̀ jáde fún ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́, ó nà án sí i. Màmá ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìró rẹ̀.

"Máa wẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ," ó ní.