Ọ́fíìsì Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Wà ní Ọ̀wọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ní Ọ̀wọ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, á ní, "Ọ̀gá olómi, ṣé ọkọ̀ yín ti gúnlẹ̀?" Ẹ̀rín á sì ta. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò ní etíkun ni mo bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ gáràjì ní Ọ̀wọ̀ ni ọ́fíìsì tèmi wà. Omi tó sún mọ́ wa jù níbẹ̀ ni àgbàrá tó ń ṣàn kọjá níwájú ilé tí òjò bá rọ̀. Mo fi ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn kan kọ́ sára ògiri, irú èyí tí èrò máa ń wọ̀ kí omi má baà gbé wọn lọ. Àwọn ọmọ iléèwé a máa yà wá wò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọlí a máa yá a láti fi ya fọ́tò, títí ọ̀kan nínú wọn fi gbé e lọ tí mo ní láti wá a kiri títí kí n tó rí i gbà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi okùn dè é mọ́ ìṣó.

Kí ẹ má rò pé orí ẹni tó dá ọ́fíìsì yẹn sílẹ̀ kò pé. Kí ilé-iṣẹ́ wa tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kéékèèké àwọn aládàáni ló ń ná omi láti Igbókọ̀dá lọ sí àwọn ìlú etí òkun. Wọn ò lórùlé, òjò ń pa èrò, oòrùn ń pa èrò. Àwọn ọ̀gá wa wá ra ọkọ̀ ńláńlá tó lórùlé, tí ìjókòó rẹ̀ ṣeé fẹ̀yìn tì, wọ́n sì tún èbúté ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú èrò kì í ṣe ará omi rárá. Tíṣà ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé lọ sí etíkun láti apá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ mọ̀ wá náà, iṣẹ́ ìjọba ni oko wa ní Ọ̀wọ̀. Ilé tí ẹ bá wọ̀, bí ẹ ò bá bá tíṣà ńbẹ̀, ẹ ó bá ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ni wọ́n bá ní kí á ṣí ọ́fíìsì kan sí ìlú wa, kí á máa ta tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí yóò gbé èèyàn láti gáràjì dé èbúté, tí yóò sì tún gbé e láti èbúté dé ibi tó ń lọ. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìlú ni wọ́n fi síbẹ̀. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Àléébù kan ṣoṣo ló ní, òun náà ló sì bà á jẹ́.

Ilé-iṣẹ́ wa kò ní mọ́tò tirẹ̀. Mọ́tò gáràjì là ń lò, òfin gáràjì sì ni pé mọ́tò kì í lọ àfi tó bá kún. Omi ní tiẹ̀ kò mọ òfin yẹn. Òkun a máa ti omi wọ inú ọ̀nà odò wá, a sì máa fà á padà. Bó bá ti fà á padà, ẹrẹ̀ á yọ síta, ọkọ̀ ńlá kò sì ní lè kọjá, bó kún, bí kò kún. Nítorí náà, ọkọ̀ wa ní àsìkò tó gbọ́dọ̀ ṣí, àsìkò náà sì ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Èmi á kọ ọ́ sára pátákó. Dírẹ́bà á wá kà á, á mi orí, á ní, "Ọ̀gá, mo ti rí i," á sì padà lọ jókòó sábẹ́ igi rẹ̀, nítorí pé ó ku èèyàn méjì kí mọ́tò òun kún.

Kí wá ni àwọn ará èbúté wa ń ṣe? Wọ́n ń dúró. Wọ́n á pe dírẹ́bà lórí fóònù, dírẹ́bà á ní òun ti kọjá Oǹdó, bẹ́ẹ̀ Àkúrẹ́ ló ṣì wà. Wọ́n á dúró títí omi á fi fà lọ. Tí wọ́n bá wá ṣí, ọkọ̀ á rì sínú ẹrẹ̀ láàárín ọ̀nà, ọmọ á máa ké, àwọn ọkùnrin á ká ṣòkòtò sókè, wọ́n á bọ́ sómi lọ máa tì í. Àwọn èrò tó jẹ́ ọmọ etíkun, tí wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀, á wá máa bú gbogbo ará Ọ̀wọ̀ pátá, àti òkú àti alààyè wa. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Ìpàdé wo ni mi ò lọ? Mo dìde níwájú àwọn ọ̀gá ní Igbókọ̀dá, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ. Mo ní ẹni tí kò bá bá a, kó padà sílé. Tó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀, gáràjì á gbọ́n. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi le jù, pé èrò ni ọba. Mo tún lọ, mo tún sọ ọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Ọjọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí wáásáàpù pé láti ìgbà náà lọ ọkọ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni mọ́, mo ní kí ìyàwó mi fi ẹran kún ẹran lọ́bẹ̀. Mo sì kọ òfin náà gàdàgbà sára pátákó níwájú ọ́fíìsì.

Òfin náà kò tíì pẹ́ nílẹ̀ tí àbúrò mi obìnrin fi bímọ. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀kan nínú àwọn ìlú etí òkun ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ náà ló sì lọ́kọ sí. Àkọ́bí rẹ̀ ni, obìnrin ni. Ìdógùn ni ìyá wa ń gbé. Ó ti ń di ẹrù láti lọ dúró ti ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tuntun yára ju bí a ṣe rò lọ. Ọkọ̀ wa méjì ló ń lọ sí ìlú náà lọ́sẹ̀. Ẹ̀rọ èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́, kò lọ. Ó wá ku ti ọjọ́ Jímọ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé ni ìkómọjáde.

Ohun tó ń jẹ ìyá mi lọ́kàn ni orúkọ. Ó ní orúkọ kan nílẹ̀ fún ọmọ yẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé a kì í dárúkọ ọmọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Mo ní tí nǹkan bá le, ó ṣáà lè sọ ọ́ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó fi fóònù wẹ ọmọ.

"N ọ́ gbé e dání," ló wí. "N ọ́ sọ ọ́ sí i létí kí ẹlòmíràn tó gbọ́. Bí ìyá mi ti ṣe fún ghẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, nù un."

Èmi náà sì pinnu pé yóò débẹ̀. Kí ni wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá sí?

Ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, mo ti mú un dé gáràjì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Èmi náà ra ìjókòó, mo ní n ó sìn ín dé ọ̀hún. Orí sì bá wa ṣe é, mọ́tò ń kún kíákíá. Ó ku ẹyọ ẹnì kan. Mo sọ fún dírẹ́bà pé ìyá mi nìyí, pé ìkómọjáde ló ń lọ. Ọkùnrin náà ṣe ohun tí mi ò rí dírẹ́bà ṣe rí ní gáràjì yẹn. Ó ní, "Ọ̀gá, kò burú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, n ó rí ẹnì kan gbé lójú ọ̀nà." Ó ṣáná sí mọ́tò. Ìyá mi bá na ọwọ́ sí àpò gààrí kan tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹrù ta rè é?"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní ti ìyá kan láti Ìmẹ̀rí ni, pé ìyá náà ní òun ń lọ ra búrẹ́dì.

"Pa mọ́tò," ni ìyá mi wí.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ àpò yẹn kalẹ̀ fún àwọn ará gáràjì. Omi ò ní dúró dè wá."

"Omi kọ́ ló gbé ẹrù síbí, èèyàn ni. Ẹni tó ti gbé ẹrù sínú mọ́tò ti wọ mọ́tò. A éè fi i sílẹ̀."

Kí ẹ lóye rẹ̀: láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́ ló ti ń kó iṣu láti Ìdógùn wá sọ́jà Ọ̀wọ̀. Lójú ọ̀nà yẹn, ẹrù èèyàn ni èèyàn. Bí o bá gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ sínú mọ́tò, o lè lọ kí ẹbí, o lè lọ jẹun, wọn ò jẹ́ fi ọ́ sílẹ̀, ìwọ náà ò sì jẹ́ fi ẹlòmíràn sílẹ̀. Mo wò yíká kí n rí ẹni tí yóò gbè mí. Gbogbo èrò ní, "Òótọ́ ni Màmá sọ." Àwọn tíṣà tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, tí wọ́n ti ka pátákó mi, àwọn náà ní òótọ́ ni. Dírẹ́bà pa iná mọ́tò.

A dúró. Oòrùn yọ, a dúró. Mo lọ wò ní ìsọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì, mi ò rí i. Ìgbà tí obìnrin náà yọ, ó rọra ń bọ̀ ni, búrẹ́dì lábíyá, omi inú ọ̀rá lọ́wọ́. Ó kí wa láti orí ìjókòó iwájú dé ti ẹ̀yìn, ó bi àwọn kan léèrè ọmọ wọn. Ìyá mi sún fún un. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ iṣu Ìmẹ̀rí àti iṣu Ìdógùn, èwo ló dùn gún jù, ọ̀rọ̀ náà sì gbé wọn kọjá Àkúrẹ́, ó gbé wọn kọjá Oǹdó. Èmi jókòó níwájú, mò ń wo aago, orí mi ń gbóná. Nígbà tí a dé Òrè, ẹnì kan fọwọ́ gbá ara mọ́tò. Obìnrin Ìmẹ̀rí ni. Ó ní òun ti dé.

Òrè ló ń lọ! Kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú omi. Ìyá mi bá a sọ àpò gààrí rẹ̀ kalẹ̀, ó gba búrẹ́dì kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́.

A dé èbúté nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí imú sí ojú ọ̀nà. Kò tíì jìnnà, a ń rí ẹ̀yìn orí àwọn èrò. Ìyá mi tú gèlè orí rẹ̀, ó ń jù ú sókè, ó ń pariwo pé àwọn ti dé. Àwọn èrò kan bojú wẹ̀yìn. Ẹnì kan tilẹ̀ ju ọwọ́ sí i, bí ẹni ń sọ pé ó dàbọ̀. Ọkọ̀ ń lọ.

"Ṣé ghan éè mọ̀ pé à ń bọ̀ ni?"

"Wọ́n mọ̀, Màmá. Mo pè wọ́n láti Òkìtìpupa."

"Ghan mọ̀, ghan sì lọ?"

"Òfin ni."

"Ta ló ṣe òfin yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni."

Kò bú mi. Ó wé gèlè rẹ̀ padà, ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀, ó kọjú sí omi. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé òfin yẹn dára, pé bí ọkọ̀ bá dúró ẹrẹ̀ ni gbogbo wa ì bá sùn sí, pé òun ló dúró de obìnrin Ìmẹ̀rí tí kò bá wa dé èbúté. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Inú ń bí mi sí i, ojú sì ń tì mí pé inú ń bí mi sí ìyá mi, mo bá lọ ń wá ọkọ̀ aládàáni kiri.

Omi ti fà, kò sí aládàáni tó máa lọ lọ́jọ́ náà mọ́. Ilé òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan la sùn. Láàárọ̀ a wọ ọkọ̀ aládàáni, ọkọ̀ náà sì ní òun ò ní lọ àfi tí òun bá kún. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sómi. Mo ń pe àbúrò mi, fóònù kò wọlé.

Nígbà tí a dé, wọ́n ti ń fọ àwo. Ìyá ọkọ àbúrò mi ti wẹ ọmọ, ó ti kùn ún ní àdín, ó gbé e wá pàdé wa tayọ̀tayọ̀. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n tún gbé abọ́ omi jáde, wọ́n ní kí ìyá ìyàwó sọ orúkọ tirẹ̀ kún un, pé ààyè ṣì wà. Ìyá mi gbé ọmọ náà dání, ó wò ó títí. Mo rò pé yóò tẹ̀ síwájú sọ ọ́ sí i létí.

"Èyí tí ẹ ti sọ ọ́ ti tó," ló wí. "Olúwa á jẹ́ kí ó jẹ́ orúkọ náà pẹ́."

Àbúrò mi bú sẹ́kún.

Wọ́n ti ti ọ́fíìsì Ọ̀wọ̀ pa báyìí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù fún wọn lórí omi, gáràjì kò sì gbọ́n títí di òní. Bí wọ́n bá tún pè mí padà, òfin yẹn náà ni n ó tún jà fún, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí. Bí wọ́n bá gbé e wá sí Ìdógùn nígbà ọlidé, èmi a máa pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì a máa pè é ní ti ìrìbọmi. Mo ti bẹ ìyá mi kó sọ orúkọ yẹn fún mi, kí n kàn gbọ́ ọ. Ó ní ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Òun kì í pè é ní ọ̀kankan nínú èyí tí a ń pè é. "Ọmọ" ló ń pè é.