Alùpùpù Ni, Kì í Ṣe Ìbọn Òkú Ọdẹ

Ilé wa sunkún bàbá ìyàwó mi lónìí, bẹ́ẹ̀ wọn ò kú.

Ọdẹ àgbà ni wọ́n ní Ìlọ́fà. Bírú wọn bá kú, ìbọn la fi ń túfọ̀. Bí pù-pù-pù ṣe ń dún bọ̀ lọ́nà Ìlọ́fà, ìyàwó mi káwọ́ lérí.

Mo ní, "Ìbọn kọ́. Ayìnbọn á dúró rọ ẹ̀tù. Èyí ò dúró."

Ará ilé ò gbọ́, gbogbo wọn bú sẹ́kún.

Alùpùpù ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló yọ. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ló gùn ún, bàbá ìyàwó mi wà lẹ́yìn.

Mo bi wọ́n ohun tó ń dún. Bàbá ní, "Epo ló ń gbiná gbàù gbàù níkùn rẹ̀, ọ̀pá irin ìdí rẹ̀ ló ń gbé ohùn jáde. Ta ló kú tí ẹ ń sunkún?"

Ìyàwó mi nawọ́ sí mi. "Ọkọ mi ló sọ pé ìbọn ni."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa dákẹ́?