Òwú Tí Mo Fi Di Bàbá Létí

Ìró ẹ̀rọ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí: pí, pí, pí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le ní ilé ìwòsàn kan ní Ẹdẹ, níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ ni. Aṣọ iṣẹ́ mi gan bíi páálí, èmi náà sì gan jù ú lọ, nítorí mo gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa tí kò lè mí dáadáa, tí oorun kò sì kùn rárá. Àìsùn yìí ti da orí rẹ̀ rú. Ó ń lé ewúrẹ́ tí kò sí níbẹ̀, ó sì ń fa rọ́bà ọ́síjìn yọ nímú. Dókítà ní òun ò lè fún un ní oògùn oorun, nítorí ó lè dá ìwọ̀nba èémí tó kù dúró. Ó ní bí bàbá bá tún fa rọ́bà yẹn yọ, a máa so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó bàbá bú sẹ́kún. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ọkọ mi mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá.” Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, mo sì ṣèlérí pé n óò wá nǹkan ṣe sí i.

Wọ́n ti kọ́ wa pé ariwo àti iná kì í jẹ́ kí aláìsàn sùn. Mo bá gbógun ti ariwo. Mo ta epo sí ilẹ̀kùn tó ń ké, mo dín ohùn ẹ̀rọ kù, mo ní kí ọ̀gá nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà tó ń dún kò-kò-kò, mo tún ní kí dókítà máa yọ́ rìn. Síbẹ̀, ojú bàbá là kalẹ̀ bíi ti ẹja lórí àtẹ. Ni mo bá fi òwú di etí rẹ̀ méjèèjì, mo fi aṣọ funfun bò ó lójú, mo ká ọwọ́ rẹ̀ lé àyà kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, mo wá fà sẹ́yìn, mo ń wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Bàbá dákẹ́. Inú mi dùn. Àṣé kálímọ́tù ṣàádà tí Mùsùlùmí máa ń kà bí ikú bá dé ló ń kà lábẹ́ ètè. Nígbà tó parí, ó béèrè pé, “Àfáà, ṣé ẹ ti wẹ̀ mí tán?”

Mo pariwo pé, “Bàbá, ẹ ò tíì kú o!” Ṣùgbọ́n òwú wà létí rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ má jẹ́ kí àbúrò mi tó wà ní Awo pín nínú iṣu mi o.”

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ó rí òwú, ó rí aṣọ funfun, ó rí ọwọ́ tó ká lé àyà. Ó ju abọ́ ògì sílẹ̀, ó figbe ta, gbogbo ariwo tí mo ti lé jáde láti àárọ̀ sì padà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo yọ òwú, mo ṣí bàbá lójú, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ẹkún ìyá di ìbínú, ṣùgbọ́n kò kàn mí, ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí. Ó fìdí lé àga.

“Bàbá Ìbejì, ẹ fẹ́ẹ́ kú kẹ́ ẹ tó gba bárò tí ẹ fi ń kó iṣu, tí àbúrò yín yá, padà lọ́wọ́ rẹ̀? Òrùlé ilé ìdáná ń jò, ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá tún un ṣe. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ńkọ́?”

Mo ti fi ìka sẹ́nu kí n ní kó dákẹ́, ọ̀gá nọ́ọ̀sì bá fà mí láṣọ. Ojú bàbá ti ń pa dé. Kí ìyá tó dórí ewúrẹ́ tó jẹ àgbàdo, bàbá ti ń hanrun.

Ìyá pòṣé. “Bó ṣe máa ń ṣe mí nílé nìyẹn!”

Láti ọjọ́ náà, dókítà gbà kí ìyá máa jókòó tì í kó máa rojọ́. Àwa náà ń dín iná kù, à ń rọra rìn. Orí bàbá wálẹ̀, kò fa rọ́bà mọ́, a ò sì so ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ sílé, ó fà mí sún mọ́ra, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, má sọ fún ìyàwó mi pé mi ò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dópin rí o.”

Èmi náà ti wà nílé ọkọ báyìí. Bí mo bá ń rojọ́ fún ọkọ mi, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, inú máa ń bí mi. Lẹ́yìn náà n óò wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀, ara á tù mí pẹ̀sẹ̀, n óò sì máa bá ẹjọ́ mi lọ.