Ìbọn Ààbọ̀ Etu

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1939, àwọn ọmọ ogun Soviet ya wọ ilẹ̀ Finland. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé mẹ́ta, ẹnu wọn kò. Bí ọ̀kan nínú ìbọn ológun Finland ṣe wá dé Ayétòrò ni ẹnu ò kò lé lórí: ẹni márùn-ún ni mo bi, ìtàn mẹ́fà ni mo gbà.

Ọwọ́ Màmá Jemima, opó olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ, ni ìbọn náà wà. Irin tó ń ti ọta wọlé ti sọnù lára rẹ̀, kò lè pa eṣinṣin. Ṣùgbọ́n páànù ilé Màmá ti jẹrà, òjò sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìbọn yìí nìkan ni olóògbé fi sílẹ̀ tó ṣeé tà. Wọ́n gbé e tọ Ṣàíbù lọ kó díye lé e.

Ṣàíbù ni alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ọdẹ ṣe. Kò fi náírà díye lé ìbọn rí; ẹran ló fi ń kà á. Á fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá ìbọn, á gbóòórùn ẹnu rẹ̀, á wá béèrè ohun tó ti pa. Èyí jẹ́ ìbọn ìgalà méjì, tọ̀hún jẹ́ ti ẹfọ̀n kan. Ọdẹ kankan kì í bá a jiyàn, bóyá nítorí pé òun náà ni wọ́n máa gbé e wá fún bó bá tún bàjẹ́.

Ó béèrè ohun tí ìbọn Màmá ti pa. Màmá ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ará Rọ́ṣíà. Ṣàíbù ní ìyẹn ò sí nínú ẹran tí òun mọ̀.

“Ààbọ̀ etu ni, Màmá. Àánú yín ló sì jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.”

Jemima, ọmọ Màmá, ya àwòrán ìbọn náà ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀ ní Ìlaròó, òṣìṣẹ́ báǹkì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kó ohun àtijọ́ jọ. Ó fèsì pé bí ìbọn náà bá rí bó ṣe wà nínú àwòrán, òun á fi páànù tuntun bo gbogbo ilé. Ọjọ́bọ̀ lòun ń bọ̀.

Kò sẹ́ni tí í fa ewúrẹ́ ẹlẹ́gbin lọ sọ́jà. Màmá gbé ìbọn padà fún Ṣàíbù pé kó tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ha á. Ó fi fáìlì tó ń pọ́n àdá pa lẹ́tà méjì kan tí wọ́n fín sáàárín ilà onígun mẹ́rin kékeré lára irin rẹ̀ rẹ́, ó kun igi rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú, ó sì fín ilà mẹ́ta tirẹ̀ síbi tí lẹ́tà wà. Gbogbo ọdẹ ló mọ ilà mẹ́ta náà sí àmì iṣẹ́ tó dájú.

Ní Ọjọ́bọ̀, Olúdayọ̀ yí ìbọn títí, ó béèrè àmì àwọn ológun Finland. Ṣàíbù fi ìgbéraga ṣàlàyé: bí ìbọn bá kọṣẹ́, ta ló máa lọ bá wọn ní Finland? Ilé tòun ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Olúdayọ̀ ní lẹ́tà méjì yẹn lòun fẹ́ rà. Èyí tó kù báyìí ò ju owó páànù méjì lọ.

Ṣàíbù ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní ṣebí òun ti wí, ààbọ̀ etu náà nìyẹn; ọ̀gá Ìlaròó gan-an ti wá dé iye tí òun dá lé e.

Màmá Jemima wo òrùlé wọn, wọ́n wo ìbọn tó ń dán.

“Ṣàíbù, ààbọ̀ etu yìí, ṣé apá orí ni àbí apá ìdí ni kí n fi bo ilé?”