Ẹ̀rọ Ìyá Olómi

"Má fọwọ́ ọbẹ̀ kan ẹ̀rọ mi o, Adákẹ́!"

Ohun tí Ìyá Olómi sọ kẹ́yìn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Ó lọ rọra sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kò sì jí mọ́. Kò dágbére, kò pín ogún. Ẹ̀rọ ló ń rò.

Odò àti kànga ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò ti ọ̀pá ẹ̀rọ kékeré bọ omi, ẹ̀rọ á sì fi nọ́ńbà sọ bí omi náà ṣe kan tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ omi ìwọ̀n mẹ́ta tí a ti mọ nọ́ńbà wọn wò: pupa, òféfèé àti búlúù. Ìyá Olómi a máa fi okùn so ìgò àwọn omi náà sínú odò, kí ìtutù wọn lè bá ti odò mu.

"Ìyá Olómi, ẹ ń ta ẹlẹ́rìndòdò fún ẹja ni?" ni àwọn tó ń kọjá máa ń bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá tò sẹ́yìn wọn!"

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá ibi iṣẹ́ Ìyá Olómi pe Adákẹ́, tó ti ń bá ìyá náà gbé àpò tipẹ́.

"Bí nọ́ńbà ẹ̀rọ yìí bá dúró déédéé lọ́wọ́ rẹ lójú mi, ìwọ lo máa jókòó síbi ìjókòó wọn. Bí kò bá dúró, mo máa gbé e fún ẹlòmíì."

Adákẹ́ délé, ó fọ gbogbo ẹrù olóògbé. Ó fọ aṣọ, ó fọ bàtà. Ó ṣí ìdérí ẹnu ọ̀pá ẹ̀rọ, ó bá omi kan níbẹ̀ tí iyọ̀ funfun ti gbẹ mọ́ létí. Ìdọ̀tí! Ó dà á nù, ó rọ omi tó mọ́ gaara sí i.

Nígbà tí wọ́n dé odò, ó ti ọ̀pá bọ omi òféfèé. Méje ló yẹ kí ẹ̀rọ kà. Ó ka mẹ́fà, ó ka mẹ́jọ, ó tún padà, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

"Kí lo rọ sínú ìdérí ẹ̀?" ni ọ̀gá bi í.

"Omi tó mọ́, sà. Mo fọ gbogbo ẹrù wọn ni."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. "Háà! O fọ ẹ̀ dójú ikú! Omi iyọ̀ ló ń mu. Omi lásán máa ń fa okun inú ẹ̀ jáde ni. Èmi náà ṣe é rí. Ìyá Olómi ò dá mi lóhùn títí ilẹ̀ fi ṣú!"

Adákẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Wọ́n wá omi iyọ̀ rí nísàlẹ̀ àpò, wọ́n rẹ ọ̀pá sínú ẹ̀, wọ́n jókòó sétí odò. Ọ̀gá ń jẹ búrẹ́dì, ó ń sín Ìyá Olómi jẹ. Adákẹ́ ń wo omi.

Ó tún ti ọ̀pá bọ òféfèé. Méje. Ó dúró pa. Pupa, mẹ́rin. Búlúù, mẹ́wàá.

"Ó parí," ni ọ̀gá wí. "Kànga ẹ̀yìn ọjà ló kàn lọ́la. Tètè dé o, Bàbá Olómi."

Nígbà tó délé, kò sẹ́nì kankan. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ omi inú àgbàlá, ó ń ṣan ìgò tí yóò fi bu omi kànga lọ́la, ó ń da orí wọn kodò sórí aṣọ.