Mo Lè Fi Oyún Pamọ́, Èébì Ni Kò Gbà

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́wọ́ èébì oyún. Ikùn mi ti yọ síta báyìí, mo lè sọ ọ́.

Gbodo, iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́, la máa ń ṣe nílé ọkọ mi ní Ìpàpó. A ó bẹ iṣu, a ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná (kò gbọdọ̀ hó o, bó bá hó, iṣu á rọ̀ jù!), bílẹ̀ bá mọ́, a ó sá a sórí àpáta. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Àmọ́ látìgbà tí oyún dé, bí ooru omi iṣu yẹn bá ti kàn mí nímú, ìfun mi á fẹ́ẹ̀ jáde.

Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún. Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ̀rọ̀ oyún kó tó yọ fúnra rẹ̀? Èyí tó ṣáájú, mo tètè sọ ọ́, ó sì bàjẹ́. Àwọn èèyàn ní ẹnu mi ló fà á.

Ni mo bá di dókítà ara mi. Mo ka gbogbo ohun tí mo rí lórí fóònù. Bísíkíìtì gbígbẹ kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Atalẹ̀ tí mo gé pẹlẹbẹ, kì í ṣe gígún, nítorí gígún máa ń ta mí lọ́fun. Omi díẹ̀díẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ o, fúngbà díẹ̀.

Nígbà tó yá, omi lásán kò dúró nínú mi mọ́. Ìtọ̀ mi dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Mo rí i, síbẹ̀ atalẹ̀ ni mo tún ń gé.

Lọ́jọ́ kan lórí àpáta, òòyì kọ́ mi, mo sì jókòó lé gbodo tí a sá. Ìyá ọkọ mi ti ń sọ pé ibà ló ń ṣe mí. Àwọn kan nínú ilé ní ìmẹ́lẹ́ ni. Ìyá bu àgbo ibà wá, wọ́n gbé ife sí mi lẹ́nu. Bí mo bá mu ún, kí ni yóò ṣe ọmọ inú mi? Bí mo bá sọ, ṣé kò ní bàjẹ́ bíi ti àkọ́kọ́?

Mo di ife náà mú. "Ìyá, ẹ má bínú. Mo lóyún."

Wọ́n da àgbo náà nù. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ṣé èmi náà wà lára aráyé tí o ń fi í pamọ́ fún?"

Mo sọ fún wọn pé omi lásán kò dúró nínú mi mọ́.

Ọ̀kadà ló gbé wa lọ sílé ìwòsàn, Ìyá dì mí mú látẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì ní omi ara mi ti gbẹ, ó bi mí ohun tí mo ń dúró dè. Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n fún mi lóògùn èébì tí aláboyún lè lò.

Èébì náà kò tíì tán, ẹ̀rù sì ń bà mí láràárọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Ìyá gbé ìkòkò iṣu lọ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí àwọn ará ilé béèrè ìdí, Ìyá ní èéfín rẹ̀ ló ń ta àwọn lójú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi oyún pamọ́ fáráyé bó bá wù yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí àgbà kan nínú ilé mọ̀. Bí omi lásán kò bá dúró nínú yín, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti atalẹ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Ta lẹ kọ́kọ́ sọ fún nígbà tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, gbogbo rẹ̀ ni n ó kà.