Màmá mi àti lékeléke odò Mono

Màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ọkọ̀ wa dé lórí odò Mono lónìí, nítorí lékeléke!

Erinmi la lọ wò. Látìgbà tí a ti sin ìyá Màmá, wọn kì í jáde nílé ní àdúgbò wa ní Kégué mọ́, ẹ̀rín wọn sì ti di ọ̀wọ́n. Mo ní kí n gbé wọn jáde.

A ò rí erinmi kankan. Àmọ́ bí agbo lékeléke kan ṣe ń fò kọjá lórí wa, Màmá bá dìde, wọ́n na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè:

"Lékeléke, ẹ fún mi ní funfun o!"

Ọkọ̀ mì. Ọmọ Nàgó tó ń tù ú pariwo: "Maman, pardon, ẹ jókòó!"

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Èékánná funfun ni mò ń tọrọ. Bí èmi àti ìyá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Na tìẹ náà, kí wọ́n tó lọ!"

Mo na tèmi. Màmá yẹ èékánná mi wò.

"Wọn ò fún ẹ ní nǹkan kan. Faransé lo fi bẹ̀ wọ́n nínú ọkàn ẹ."

Màmá wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ máa ń wí fún lékeléke ládùúgbò yín? Ẹ kọ ọ́ síbí. Màmá ní tiwọn nìkan ló tọ̀nà, wọ́n sì ti múra tán láti bá yín jà.